Kànga Ilé Wa Kì í Gbẹ

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ìwé kì í parọ́, ẹ̀rín ni mo máa ń rín, ẹ̀rín náà kì í sì í ṣe ti inú dídùn. Mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ irọ́ sínú ìwé rí. Mo kọ ọjọ́ sí i, mo kọ aago sí i, mo sì buwọ́ lù ú. Títí di òní, ìwé náà wà ní ọ́fíìsì kan níbi tí àwọn tí kò mọ̀ mí ti ń ṣí i, tí wọ́n sì ń gbà á gbọ́.

Láàárín àwọn ọdún 1990 ni. Epo bẹntiróòlù wọ́n, àwọn olùkọ́ yunifásítì ń yanṣẹ́ lódì lónìí, wọ́n ń wọlé lọ́la, èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ mi nípa ilẹ̀ àti àpáta. Iṣẹ́ kò sí. Àwọn tí a jọ jáde ń ta búrẹ́dì, àwọn mìíràn ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa, ẹni tí mo máa pè ní ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ yìí, wá rí ìrànwọ́ gbà láti òkè òkun láti ṣe ìwádìí omi abẹ́ ilẹ̀ àti ilẹ̀ oko ní agbègbè odò Ọ̀pá àti àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn sínú rẹ̀. Ó ní kí n wá bá òun ṣiṣẹ́. Mo fò fáyọ̀. Ìyá mi pe àwọn obìnrin agboolé wa jọ ní Ìlódè ní Ifẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́, ọmọbìnrin òun ti di òṣìṣẹ́ yunifásítì. Mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé iṣẹ́ ọdún kan péré ni.

Àwọn kan nínú wa ń gbẹ́ ihò sí oko olóko káàkiri, wọ́n ń di erùpẹ̀ sínú ọ̀rá, kí a lè mọ ilẹ̀ tó dára fún kòkó àti èyí tí kò dára fún ohun mìíràn ju ẹ̀gẹ́ lọ. Tèmi ni kànga. Láti Ìlódè dé Mọdákẹ́kẹ́, títí dé àwọn abúlé tó wà lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n, a yan kànga kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, èmi ni mo sì ń wọ̀n wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n kò le. Èèyàn á fi ṣọ́ọ̀kì pa orí téèpù gígùn, á sọ ọ́ sínú kànga, á fà á sókè, á wo ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti tutù dé. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé kànga gbọ́dọ̀ ti sinmi mọ́jú. Bí obìnrin kan bá ti fa garawa mẹ́ta kí n tó dé, ìwọ̀n bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ọ̀gá ní kí n máa ránṣẹ́ sí àwọn onílé lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fa omi títí n ó fi dé ní aago méje àárọ̀. Àwọn èèyàn sì ń gbọ́ràn. A ò rí ẹni tó ṣe agídí sí wa.

Òfin kejì tí ọ̀gá ṣe ló pa wá. Àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́ ti ṣèlérí pé bí ìwádìí bá parí, àwọn yóò gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ mẹ́ta fún àwọn àdúgbò tí ìyà omi bá jẹ jù lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀gá ní n kò gbọ́dọ̀ sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

"Mo mọ àwọn èèyàn wa," ó ní. "Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹni tí kò lómi ni yóò gba kànga-dẹ̀rọ, gbogbo kànga Ifẹ̀ ni yóò gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n á ti fa omi inú rẹ̀ tán dè ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Irọ́ kan ṣoṣo ló mọ̀ tí èèyàn lè pa fún òun, ìyẹn náà ló sì jókòó tì tó ń ṣọ́.

Kànga ilé wa wà lára àwọn tí a yàn. Bàbá bàbá mi ló gbẹ́ ẹ, àpáta sì dá a dúró kó tó jìn bó ṣe yẹ. Nígbà òjò, omi rẹ̀ máa ń dára. Bí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Tó bá fi máa di oṣù kejì ọdún, ẹrẹ̀ ló kù. Odò kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò, ibẹ̀ ni gbogbo obìnrin ilé ń lọ. Ìyá mi ń ṣe ògì tà, ẹni tó bá sì mọ ògì mọ̀ pé omi ló ń jẹ: wọ́n á rẹ àgbàdo, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á tún da omi mìíràn lé e lójoojúmọ́ kó má baà kan jù. Láti kékeré ni mo ti ń rí ìyá mi lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò yẹn. Lákòókò tí mò ń wí yìí, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún rẹ̀ kan sì ti ń wú. Mo ti sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé ọ̀kan nínú kànga-dẹ̀rọ mẹ́ta yẹn, tiwa ni. Mi ò ní ṣe màgòmágó kankan, òtítọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò gbà á fún wa. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú nìyẹn tí mo fi pa ẹnu mọ́ fún ìyá tó bí mi lọ́mọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a wọn kànga ilé wa, ọ̀gá tẹ̀ lé mi, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ méjì. Ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé. Ìyá mi ti gbálẹ̀ yí kànga ká, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi. Mo sọ téèpù sílẹ̀, ó kan ìdí. Mo fà á sókè, ẹrẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà yọjú wo inú kànga, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé kànga rèé, àbí ihò òkété?"

Ọ̀gá bá a wí lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ó ní kí wọ́n jókòó, kí òun bu omi tútù fún wọn. Mo rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń yí padà wọlé. Mo rí i, mi ò sì kà á sí nǹkan kan. Iṣẹ́ ló gbà mí lọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, omi wà nínú kànga ilé wa. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, ó tún lé sí i. Ọ̀dá mú gbogbo ìlú, kànga àwọn olówó tí wọ́n fi ìdérí onírin dé ń lọ sílẹ̀, tiwa ń gòkè. Mo bi ìyá mi léèrè. Ó ní wọ́n ti pe àwọn agbẹ́kànga, wọ́n ti tún ìdí rẹ̀ gbẹ́.

Mo ní, "Màámi, nígbà wo? Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ṣé gbogbo nǹkan tí a bá ṣe nílé la ó máa wá ròyìn fún ọ ní yunifásítì ni?"

Mo gbà á gbọ́. Ta ni yóò wo ìyá rẹ̀ lójú kó ní irọ́ lẹ̀ ń pa? Omi náà rú díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ewé kan tiẹ̀ lẹ̀ mọ́ téèpù mi, irú èyí tó ń hù létí odò, tí kò sí nítòsí ilé wa rárá. Mo yọ ọ́ dànù, mo kọ ìwọ̀n mi sílẹ̀, mo bá tèmi lọ.

Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ náà kọjá agbẹ́kànga. Ó tẹ́ ìwọ̀n kànga ilé wa síwájú, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní àpáta abẹ́ Ìlódè ti sán níbì kan, pé omi láti ọ̀nà jíjìn ló ń gba ojú sísán náà wá sínú kànga wa nígbà tí àwọn yòókù ń gbẹ. Ó ya àwòrán rẹ̀. Ó kọ odidi orí kan nípa rẹ̀, ó lọ kà á fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kò kúkú purọ́ tán. Omi ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ lóòótọ́, orí ìyá mi ló ń gbà bọ̀.

Oṣù kẹta ni mo tó mọ̀. Epo ti wọ́n débi pé mọ́tò ìwádìí kò lè jáde, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti ibi tí mo háyà yàrá sí. Nítorí kí n má baà pẹ́, mo tètè kúrò nílé, kò sì tíì tó aago mẹ́fà nígbà tí mo dé Ìlódè. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé. Obìnrin mẹ́jọ ni mo bá nídìí kànga, wọ́n tò, oníkálukú pẹ̀lú garawa rẹ̀. Ìyálé gbogbo wọn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, ló dúró lẹ́nu kànga. Ó ń gba garawa lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rọra dà á sínú kànga kí ó má baà pariwo. Ìyá mi ló kàn. Omi ti dà sí i lọ́rùn, ó fi ọwọ́ kan di garawa mú lórí, ó fi ìkejì di orúnkún rẹ̀.

"Màámi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

Ìyá Àgbà ló dá mi lóhùn. "O tètè dé lónìí," ó ní, ohùn rẹ̀ le, àfi bí ẹni pé èmi ni mo jalè.

Ìyá mi sọ garawa kalẹ̀. "Kí lo fẹ́ ká ṣe? Ìwọ lo kó àlejò wá. Wọ́n yọjú wo ìdí kànga baba rẹ, wọ́n fi wá ṣẹ̀sín. Ṣé kí wọ́n wá padà lọ máa wí níbi iṣẹ́ rẹ pé ilé tí o ti jáde, wọn ò lómi tí wọ́n á bù mu? Ṣé ìyá tí kò bo àṣírí ọmọ rẹ̀, ìyá nìyẹn?"

"Ṣé gbogbo ìgbà tí mo bá ń bọ̀ lẹ ń ṣe é?"

"Gbogbo ìgbà tí o bá ti ránṣẹ́," ni Ìyá Àgbà wí. "Láti ìrọ̀lẹ́ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í sì kúkú ṣòfò tán. Bí o bá ti wọ̀n ọ́n tó o lọ, a ó tún fà á."

Gbogbo àárọ̀ ni ìyá mi ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo àṣírí òun. Kò dúró de Ọlọ́run lórí èyí, garawa ló fi ń bò ó. Inú bí mi. Inú bí mi sí orúnkún rẹ̀, ó bí mi sí ewé tí mo yọ dànù, ó bí mi sí ẹ̀rín tí èmi àti ọ̀gá jọ rín. Mo gbàgbé òfin.

"Ẹ ti pa ara yín!" mo ní. "Àwọn tí kò lómi ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ fún! Gbogbo garawa tí ẹ dà síbẹ̀, ẹ̀ ń lé e lọ ni!"

Ìyá Àgbà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, mà."

"O mọ̀ ọ́n. Ò ń wá síbí lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ò ń jẹ ẹ̀kọ ìyá rẹ, ò ń wò ó bó ṣe ń tiro, o ò sì sọ fún wa."

Àṣírí ọ̀gá ni mo ń bò, àwọn náà ń bo tèmi, a wá bo ara wa mọ́lẹ̀ pátápátá. Ìyá mi kò bá mi wí rárá, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó gbé garawa rẹ̀, ó lọ dà á sínú ìkòkò ògì, ó wọlé.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má da omi síbẹ̀ mọ́. Wọ́n gbọ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ẹrẹ̀ ni téèpù mi gbé jáde. Mo mú ìwọ̀n náà tọ ọ̀gá lọ, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo rí fún un láì fi ọ̀kan pamọ́. Mo rò pé yóò fọwọ́ lérí. Ó gbọ́ mi tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan péré.

"Ṣé o ti sọ fún wọn nípa kànga-dẹ̀rọ?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Inú ló bí mi."

"Ó tán. Kí ni mo sọ fún ọ níjọ́sí? Ní gbogbo ìgbà tí wọn ò mọ̀, omi wà. Bí wọ́n ṣe gbọ́ báyìí, omi gbẹ. Tí o bá jẹ́ èmi, èwo lo máa gbà gbọ́?"

"Mo fi ojú ara mi rí wọn, sà."

"Ọmọ ilé náà ni ọ́. Ìyá rẹ ń ṣògì níbẹ̀. Kí lo fẹ́ kí àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ wí?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ̀ lé mi lọ wò ó. Ó ní epo kò sí. Epo kò sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe epo nìkan. Odidi orí ìwé, àti àtẹ́wọ́ Ìbàdàn, orí garawa àwọn obìnrin mẹ́jọ ló dúró lé. Ó mú gègé, ó fa ilà sórí ìwọ̀n tí mo mú wá lọ́jọ́ náà, ìwọ̀n òtítọ́ kan ṣoṣo tí mo rí wọ̀n láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé àwọn onílé ti fọwọ́ kan kànga. Ó fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ti ọjọ́ àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà wà níbẹ̀, ó ní mi ò tíì mọ iṣẹ́ nígbà yẹn. Mo dúró níwájú rẹ̀ títí ó fi parí. Mo lè kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò sì kọ ọ́. Mo rántí àwọn tó ń ta búrẹ́dì, mo sọ "Ẹ ṣé, sà," mo jáde.

Kànga-dẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí abúlé mẹ́ta. Mi ò ṣe ìlara wọn, ìyà omi jẹ àwọn náà, èmi ni mo sì wọn kànga wọn. Ìyá mi kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ó dín ògì rẹ̀ kù sí ìdajì. Nígbà tí mo bá wálé, ó máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ ń lọ dáadáa, mo máa ń ní ó ń lọ. Lóòótọ́ ló ń lọ. Ọ̀gá tún rí ìwádìí mìíràn, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ títí yunifásítì fi gbà mí síṣẹ́ gidi.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń lọ láti àdúgbò dé àdúgbò, ó ń kọ orúkọ àwọn tí ìjọba yóò gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ fún. Ìyá Àgbà ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n wálé, kí n wá bá wọn sọ èdè àwọn alákọ̀wé. Ó ti kìlọ̀ fún gbogbo obìnrin ilé pé ẹni tó bá da ife omi kan sínú kànga, òun àti ẹni náà ni. Ẹrẹ̀ inú kànga ti gbẹ débi pé ó sán.

Ọkùnrin náà dé, ó jókòó, ó ṣí fáìlì. Ìyá Àgbà kò jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. "Kànga wa gbẹ," ó ní. "A ò lómi. Ojú ò tì wá mọ́, a ò lómi."

Ọkùnrin náà ń fi ìka wá nǹkan nínú ìwé. "Màmá, ohun tí yunifásítì kọ síbí ni pé kànga ilé yìí kì í gbẹ. Wọ́n ní àpáta ló ń fún un lómi."

"Irọ́ ni!"

"Irọ́ kẹ̀? Ẹni tó wọ̀n ọ́n buwọ́ lù ú." Ó ka orúkọ mi, àti orúkọ bàbá mi. Ojú gbogbo wọn yí sọ́dọ̀ mi níbi tí mo fara ti ògiri.

"Ẹ wá wo inú rẹ̀ fúnra yín," ni Ìyá Àgbà wí.

"Kí ni mo fẹ́ wò? Ẹ lè ti fà á tán ní àná. Mo ti rí irú ẹ̀ rí." Ó ṣí gègé rẹ̀, ó wò mí. "Bó bá jẹ́ irọ́ lẹ̀ ń pa nínú ìwé, àǹtí, n ó kọ ọ́ báyìí, n ó sì fi ránṣẹ́ sí yunifásítì, kí wọ́n mọ irú ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́. Mo ní ibòmíràn tí mò ń lọ. Ṣé irọ́ ni, àbí òtítọ́?"

Mo mọ ohun tó yẹ kí n wí: kí n ní irọ́ ni, sà, omi orí ni mo wọ̀n. Gbólóhùn kan péré ni. Mo ń ronú bí yóò ṣe rí bí mo bá sọ ọ́ tán, yàrá tí mo háyà, ọ̀nà ọ́fíìsì, ojú ọ̀gá.

Ìyá mi dìde lórí àpótí tó jókòó lé. Ó ṣòro fún un láti na orúnkún yẹn, ó kọ́kọ́ di ògiri mú.

"Ọmọ mi kì í parọ́," ó ní. "Omi wà níbẹ̀."

Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ. Ìyá Àgbà pòṣé, ó kó àwọn obìnrin yòókù wọlé láì wẹ̀yìn. Ìyá mi wá òṣùká rẹ̀ rí, ó gbé garawa, ó kọjá lára mi lọ sódò, ó sì ní kí n má pẹ́ jù kí n tó padà síbi iṣẹ́. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.